Ẹnu àwọn wo ni Mark Twain ti gbọ́ èdè tó fi kọ̀wé?

Gbogbo ẹni tó bá ti ka Huckleberry Finn, ìwé ìtàn tí òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà náà, Mark Twain, kọ, ló mọ̀ pé ọmọ kékeré kan tó ń jẹ́ Huck ló ń fẹnu ara ẹ̀ sọ ìtàn yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé ló ṣe ń sọ ọ́, gírámà ò kàn án. Àwọn kan máa ń ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn ni Mark Twain ti kọ́ irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà. Ìdí ààrò ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n fi ṣẹrú ló sì ti gbọ́ ọ.

Samuel Clemens lorúkọ tí òbí ẹ̀ sọ ọ́. 30 November 1835 ni wọ́n bí i, ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Florida, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Lọ́dún 1839 wọ́n kó lọ sí Hannibal létí odò Mississippi, àmọ́ títí ó fi tó bí ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá, ó máa ń padà lọ lo oṣù méjì mẹ́ta lọ́dọọdún lóko John Quarles, ọkọ àbúrò ìyá ẹ̀. Twain sọ pé Quarles yìí ní ẹrú bíi 15 sí 20, ibẹ̀ ni Uncle Dan'l wà, ọ̀kan nínú àwọn ẹrú náà.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí "Uncle" yẹn o. Tiwa, tá a bá pe èèyàn ní bàbá tàbí bọ̀ọ̀dá, a ń bọ̀wọ̀ fún un ni. Lọ́hùn-ún nígbà yẹn, òyìnbó ò ní pe adúláwọ̀ ní Mísítà láé, bó ti wù kó dàgbà tó, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe àgbàlagbà wọn ní Uncle, tí wọ́n ń pe ìyá àgbà ní Aunt. Aunt Hannah náà wà lóko yẹn, kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́, àwọn ọmọdé gbà pé ó ti lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún àti pé ó ti bá Mósè sọ̀rọ̀ rí, wọ́n ní ibi tó pá lórí ẹ̀ yẹn, ẹ̀rù ló fà á lọ́jọ́ tó rí Fáráò tó rì sómi. Lójú tèmi, ẹnu ìyá yẹn gan-an lọ̀rọ̀ náà ti jáde, ẹni tí ìyá ìyá ẹ̀ bá ti pa ìtàn fún rí máa mọ ohun tí mò ń sọ.

Tó bá di alẹ́, ọmọ funfun ọmọ dúdú á kóra jọ sídìí ààrò ní kíṣìnì Uncle Dan'l, iná á máa tàn sí wọn lójú, bàbá á máa pa àlọ́. Èyí tó máa ń kẹ́yìn ni ti obìnrin tó ní apá wúrà. Obìnrin náà kú, ọkọ ẹ̀ lọ hú òkú ẹ̀ lóru, ó yọ apá, ohùn kan wá ń tẹ̀ lé e bọ̀ nínú atẹ́gùn pé ta ló gbé apá wúrà mi, ta ló gbé apá wúrà mi, bàbá á wá dákẹ́ jẹ́ẹ́, á tẹjú mọ́ ọmọ kan, lẹ́ẹ̀kan náà á fò mọ́ ọn pé ìwọ lo gbé e! Lọ́dún 1881 Twain kọ lẹ́tà nípa àlọ́ yìí sí Joel Chandler Harris, òǹkọ̀wé tó ń kọ àlọ́ àwọn adúláwọ̀ sínú ìwé, lọ́dún 1895 ó tún kọ ọ́ sínú àròkọ nípa bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn, ohun tó tẹnu mọ́ jù ni dídákẹ́ yẹn, pé tó bá pẹ́ jù wọ́n á ti mọ̀, tí ò bá sì pẹ́ tó ẹ̀rù ò ní bà wọ́n. Òótọ́ ni pé wọ́n ń pa irú àlọ́ yẹn nílẹ̀ Yúróòpù náà, ṣùgbọ́n ẹnu Dan'l ni Twain ti gbọ́ ọ, mo sì rò pé ọ̀nà tí bàbá yẹn ń gbà pa á, àtọ̀dọ̀ àwọn òbí òbí ẹ̀ tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà ni.

Lọ́dún 1874 ló wá hàn gbangba. Obìnrin adúláwọ̀ kan wà tó ń se oúnjẹ ní Quarry Farm, oko àwọn àna Twain nílùú Elmira, ní ìpínlẹ̀ New York, Mary Ann Cord lorúkọ ẹ̀, inú ìtàn tí Twain kọ nípa ẹ̀ ló ti pè é ní Aunt Rachel. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn nísàlẹ̀ Twain àtàwọn ará ilé, Twain bi í pé báwo lo ṣe pẹ́ láyé tó báyìí tí o ò rí wàhálà kankan? Obìnrin yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí wọ́n ṣe ta ọkọ ẹ̀ àtọmọ ẹ̀ méjèèje lọ́jà ẹrú, bọ́rọ̀ ṣe ń gbóná bẹ́ẹ̀ ló ń dìde, kó tó pẹ́ ó ti dúró lókè wọn, dúdú, ìràwọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Àpá tó wà lára Henry, àbíkẹ́yìn ẹ̀, ló fi dá a mọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá. Twain ní òun ò yí i padà, àfi pé òun bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí àárín lìyá yẹn ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. November 1874 ni ìtàn náà jáde nínú ìwé ìròyìn Atlantic Monthly.

Oṣù yẹn kan náà ló gbé ọ̀rọ̀ Jimmy jáde nínú New York Times, ọmọ dúdú ọmọ ọdún mẹ́wàá tó pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì, tó ń sọ̀rọ̀ láìsinmi, ó ní ọmọ náà ò sọ ohun ńlá kankan, síbẹ̀ òun ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gba ìṣípayá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Shelley Fisher Fishkin kọ odidi ìwé lé e lórí lọ́dún 1993, ó fi hàn pé ohùn Jimmy yìí wà nínú ohùn Huck, mo sì gbà á gbọ́ pátápátá.

Tẹ́nì kan bá ní ọ̀dọ̀ Artemus Ward àtàwọn aláwàdà ìgbà yẹn ló ti kọ́ ọ, sípẹ́lì ni wọ́n ń bà jẹ́ kí èèyàn lè rẹ́rìn-ín. Ti Tom Blankenship, ọmọ Hannibal, ìwà ẹ̀ ni Twain mú fún Huck. Orúkọ Mark Twain pàápàá, tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún 1863, igbe ẹnu ni: ẹni tó ń sọ okùn tó ní òjé sínú odò látinú ọkọ̀ ojú omi ló máa ń ké e tómi bá jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ́nà méjì, twain ni èjì lédè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Àwọn tó ń sọ pé ìdí gbèsè ọtí ni orúkọ náà ti wá, ẹ má dá wọn lóhùn.

Ìyókù ò ṣòro. Ìwé Huck jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní December 1884, ní Amẹ́ríkà ní February 1885, láìpẹ́ sígbà yẹn ilé ìkówèésí ìlú Concord, ní Massachusetts, lé e jáde, nígbà tó di 1935 òǹkọ̀wé Hemingway ní inú ẹ̀ ni gbogbo lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà òde òní ti wá. Àmọ́ ẹ ṣí ojú ìwé tó ṣáájú ìtàn náà, Twain to àwọn ẹ̀ka èdè tó lò síbẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni ti àwọn adúláwọ̀ Missouri.