Quantize: ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe sí orin tí ẹ fi kíbọ́ọ̀dù tẹ̀

Ẹni tó bá ti tẹ kíbọ́ọ̀dù ní sítúdíò rí á mọ bọ́tìnì kan tí àwọn pùròdúsà fẹ́ràn. Ẹ tẹ orin tán, wọ́n tẹ bọ́tìnì náà, gbogbo nóòtì sì bọ́ sójú ìlà. Nígbà mìíràn orin náà á dáa sí i. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun tó ń mú ẹsẹ̀ jó tẹ́lẹ̀ á gbẹ, ẹ ò sì ní mọ ohun tó sá kúrò nínú rẹ̀. Quantize ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé àṣìṣe ló ń tún ṣe, ṣùgbọ́n kò mọ àṣìṣe rárá. Ó kàn ń gbé nóòtì kọ̀ọ̀kan lọ sórí ìlà tó sún mọ́ ọn jù, ìyẹn àwọn àmì tí a fi pín àkókò orin, ẹ̀yin lẹ sì yan ìlà náà. Bí ẹ bá yan ìlà tí kò bá orin mu, á tún orin tí kò bàjẹ́ ṣe títí á fi bàjẹ́.

Ohun tí kọ̀ǹpútà gbà sílẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀. Tí ẹ bá kọrin sí maikirofóònù, ohùn yín ló gbà. Kíbọ́ọ̀dù MIDI, ìyẹn èyí tó ń lo èdè tí àwọn ẹ̀rọ orin àti kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, kò fi ohùn kankan ránṣẹ́. Ohun tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ni kíì tí ẹ tẹ̀, bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó, ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ àti ìgbà tí ẹ gbọ́wọ́ kúrò. Nọ́ńbà ni gbogbo rẹ̀: àwọn kíì bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 127, C tó wà láàárín kíbọ́ọ̀dù sì ni 60. Agbára ọwọ́ náà ní nọ́ńbà tirẹ̀, kò sì ju 127 lọ. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè fi ohùn píánò tẹ orin lónìí, kí ẹ yí i sí ohùn ọ́ọ́gànì lọ́la láì tún un tẹ̀, ìdí náà sì nìyí tí a fi lè ṣí nóòtì kan ṣoṣo nípò láì fọwọ́ kan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dave Smith ará Amẹ́ríkà àti Ikutaro Kakehashi, olùdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ Roland ní Japan, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí MIDI. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, níbi NAMM, ìpàtẹ ohun èlò orin ní California, wọ́n so Prophet-600 pọ̀ mọ́ Jupiter-6, kíbọ́ọ̀dù ilé iṣẹ́ méjì tó ń bára wọn dupò lọ́jà, èkíní sì ń mú èkejì dún.

Kọ̀ǹpútà kì í fi aago ara ògiri ka àkókò orin. Bíìtì ló fi ń kà á, ó sì máa ń gé bíìtì kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní tíìkì. Nínú Logic, sọ́fítíwíà kan tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀, bíìtì kan jẹ́ tíìkì 960. Nítorí náà, ẹni tí kò bá fetí sí click, ìró kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń ka bíìtì sókè, nígbà tó ń tẹ orin ò tíì fún kọ̀ǹpútà ní nǹkan kan tó lè fi wọn ọwọ́ rẹ̀. Bíìtì tiyín wà níbì kan, ti kọ̀ǹpútà wà níbòmíràn, tí ẹ bá wá tẹ quantize, rúdurùdu ni yóò jáde. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì kì í fẹ́ràn click, torí onílù ni wọ́n ti mọ́ lára láti máa tẹ̀lé. Ẹ kúkú fi ìlù tó rọrùn kan sínú sọ́fítíwíà náà, kí ó máa lù nípò click. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Ẹ sì jẹ́ kó ka bíìtì mẹ́rin ṣáájú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí nóòtì àkọ́kọ́ tí ìka bá tètè tẹ̀ díẹ̀ kí ìgbàsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lè ṣàì wọlé rárá.

Ó ku bí quantize fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ká ní ìyára orin náà jẹ́ bíìtì 125 ní ìṣẹ́jú kan: bíìtì kan á gba mílísẹ́kọ́ǹdì 480, tíìkì kan á sì jẹ́ ìdajì mílísẹ́kọ́ǹdì. Ká tún ní ìlà tí a yàn ni 1/16, tó ń pín bíìtì kan sí mẹ́rin. Ìlà á wà ní 0, 240, 480 àti 720. Nóòtì tí ẹ tẹ̀ ní 260 fi tíìkì 20 pẹ́, ìyẹn mílísẹ́kọ́ǹdì 10. Quantize á fà á padà sí 240. Èyí tó yá jù, tó wà ní 225, á tì í síwájú sí 240 yẹn kan náà. Ó dà bí àgbẹ̀ tó rí hóró àgbàdo tó bọ́ sáàárín ebè méjì, tó sì fi ẹsẹ̀ gbá a sí ebè tó sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tí nóòtì náà bá pẹ́ ju ìdajì lọ, bíi 365, 480 ló máa gbà lọ, á sì di orin mìíràn.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa Yorùbá. Púpọ̀ nínú orin wa kì í pín bíìtì sí mẹ́rin. Mẹ́ta ló ń pín in sí. Ẹ fetí sí agogo tó ń lu kónkóló: ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹsẹ̀ ń tẹlẹ̀ nínú ìyípo kan, ṣùgbọ́n méjìlá ni ìdá tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mẹ́ta-mẹ́ta fún ìtẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń kọ orin sórí ìwé ń pè é ní 12/8. Ó wà nínú bàtá nílé, ó wà nínú bàtá ní Kúbà, ó sì wà nínú orin ìyìn tí à ń jó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lórí bíìtì tó ní tíìkì 960, ìdá mẹ́ta yẹn wà ní 0, 320 àti 640.

Ẹ wá fi ìlà 1/16 lé e. 0 á dúró síbi tó wà. 320 fi 80 jìnnà sí 240, ó sì fi 160 jìnnà sí 480, nítorí náà 240 ló máa lọ. 640 á lọ sí 720. Àlàfo mẹ́ta tó jẹ́ 320, 320 àti 320 á wá di 240, 480 àti 240. Ìka ò ṣe àṣìṣe kankan. Kódà, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ pé pérépéré ló máa pàdánù jù. Ohun tí mo máa ń gbọ́ nínú ọ̀pọ̀ orin ìyìn tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe nìyí: agogo ń ṣe mẹ́ta, kíbọ́ọ̀dù ń ṣe mẹ́rin, àwọn méjèèjì sì ń ti ara wọn. Ó máa ń dùn mí, torí mo mọ̀ pé ẹni tó tẹ kíbọ́ọ̀dù náà kò tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìlà ni kí ẹ pààrọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà, ẹ yan 1/8T, ìyẹn ìlà tó ń pín bíìtì sí mẹ́ta. Nínú FL Studio, 1/3 beat ni. Tí ọwọ́ òsì bá ń pín bíìtì sí méjì, tí ọwọ́ ọ̀tún ń pín in sí mẹ́ta, ẹ yan nóòtì ọwọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ fún un ní ìlà tirẹ̀.

Kódà tí ìlà bá tọ́, kò pọn dandan kí nóòtì dé orí rẹ̀ pátápátá. Àyè wà láti sọ iye tí ẹ fẹ́ kó sún. Tí ẹ bá fi í sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, nóòtì tó wà ní 260 á dúró ní 250. Ní tèmi, 60 ni mo máa ń ti bẹ̀rẹ̀, màá sì gbọ́ ọ pẹ̀lú ìlù, kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù nìkan. Kọ́ọ̀dù tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìka kan máa tẹ̀lé èkejì, ẹ má fi quantize kàn án, torí gbogbo rẹ̀ á já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣọ́ pẹ́dàlì tó ń mú ohùn pẹ́ pẹ̀lú: ó lè dúró síbi tó wà nígbà tí nóòtì ti ṣí kúrò, kí kọ́ọ̀dù àtijọ́ wá dún mọ́ tuntun. Agbára ọwọ́ ní tirẹ̀ kì í yí padà, nítorí náà tí orin bá gbẹ lẹ́yìn tí ìlà ti tọ́, ẹ wo nọ́ńbà yẹn wò. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti tẹ gbogbo kíì pẹ̀lú agbára kan náà.

Nígbà mìíràn, kọ̀ǹpútà ló ń mú ọwọ́ pẹ́. Tí buffer, ìyẹn iye ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e jáde, bá wà ní 1024, tí kọ̀ǹpútà sì ń wọn ohùn nígbà 44,100 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ohùn á fi ohun tó lé ní mílísẹ́kọ́ǹdì 23 pẹ́ kó tó dé etí yín. Ní 256, kò tó 6. Ẹ dín in kù kí ẹ tó gba orin sílẹ̀.

Swing náà wà, tó ń mú ìdá kejì pẹ́ díẹ̀. Roger Linn ti fi òun àti quantize sínú ẹ̀rọ ìlù rẹ̀ LM-1 ní 1980, kí MIDI tó dé. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé Ableton Live, Cubase àti Logic lè fetí sí ìlù tí ènìyàn lù, kí wọ́n fa ìlà yọ láti inú rẹ̀. Ẹ gba ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lù dáadáa, kó máa tẹ̀lé ìyára orin yín, kí ẹ wá ní kí kíbọ́ọ̀dù quantize sórí ìlà tirẹ̀. Ibi tí ó bá ti fa ọwọ́ sẹ́yìn ni nóòtì yín náà á ti fà sẹ́yìn.