Ibi Tí Ọ̀já Ti Wọ Ara Àpò Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Bí ènìyàn bá fẹ́ ra àpò àgbékọ́yìn tí yóò gbé gun òkè tàbí wọ inú igbó, aṣọ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ pa. Aṣọ ṣe pàtàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú àpò tí wọ́n ń gbé wá fún àwa tí à ń rán an kí a bá wọn tún un ṣe, aṣọ gan-an kì í sábà ya. Ojú rírán ló máa ń tú, pàápàá níbi tí ọ̀já èjìká ti wọ ara àpò.

Ẹ yí inú àpò náà síta kí ẹ wo ibẹ̀. Nígbà tí ẹrù bá kún inú rẹ̀, tí ẹ di ọ̀já kan mú láti gbé e kọ́ èjìká, ọ̀já kan yẹn ló ń gba gbogbo ìwúwo náà. Tí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n kàn ki etí ọ̀já sáàárín aṣọ méjì, tí maṣíìnì kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kò ní pẹ́ já. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: a ó jẹ́ kí ọ̀já wọlé dáadáa kọjá ojú rírán, a ó fi aṣọ líle tẹ́ ẹ lẹ́yìn, a ó rán an yíká ní igun mẹ́rin, lẹ́yìn náà a ó fi òwú la àárín rẹ̀ bí X. Ẹrù á wá pín sí ojú púpọ̀ dípò kí ó rọ̀ mọ́ ìlà kan.

Ọ̀pọ̀ rò pé bí ojú rírán bá ṣe sún mọ́ra tó ló ṣe lágbára tó. Rárá o. Ihò ni abẹ́rẹ́ ń lu. Tí ihò bá pọ̀ jù lórí ìlà kan, aṣọ á ya gba ojú ìlà náà bí ìgbà tí ènìyàn bá ya sítáǹbù. Fún aṣọ tó nípọn, mìlímítà 3 sí 4 láàárín ihò kan sí èkejì dára.

Òwú ńkọ́? Ẹ má gba òwú kọ́tìnì fún àpò tí òjò yóò pa, nítorí ó máa ń jẹrà. Polyester ni mo fẹ́ràn jù, torí oòrùn kì í tètè ba tirẹ̀ jẹ́ bíi ti náílọ́ọ̀nù. Tí ẹ bá rí òwú tó yọ létí, ẹ gé e, kí ẹ fi iná kàn án: kọ́tìnì á jó di eérú, polyester á yọ́, á dì bíi ìlẹ̀kẹ̀ kékeré.

Ní ti aṣọ, nọ́ńbà bíi 500D tàbí 1000D ń sọ iye gíráàmù tí mítà 9,000 fọ́nrán rẹ̀ wúwo. 500D tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. 1000D kàn ń fi ìwúwo kún èjìká yín láìnídìí, àfi tí ẹ bá ń wọ́ àpò lórí òkúta.

Kò sì sí bí aṣọ ṣe lè má gba omi tó, omi á gba ihò abẹ́rẹ́ wọlé tí wọn kò bá fi téèpù lẹ̀ ẹ́ nínú. Ẹ kó aṣọ àwọ̀sùn yín sínú ọ̀rá kí ẹ tó kó o sínú àpò. Tí ẹ bá dé láti ìrìn àjò, ẹ ṣí gbogbo síìpù, kí ẹ sá a síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lábẹ́ ibòji títí yóò fi gbẹ tán, torí àpò tí a ká pamọ́ nínú ọ̀rinrin ni ohun tí wọ́n fi kun inú rẹ̀ máa ń bó, tí á sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́.