Súwíìṣì oníbodè ni, ẹ yé é pè é ní àgádágodo: ọ̀rọ̀ lórí interlock ara gáàdì ẹ̀rọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ "àgádágodo ààbò" yìí sílẹ̀. Mo ti rí i lára ẹ̀rọ kan ní Ṣágámù, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn gáàdì, mo tún ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, inú mi ò sì dùn sí i rárá, torí orúkọ yẹn ń ṣi èèyàn lọ́nà lórí ohun tó lè gé ọwọ́.

Súwíìṣì tí wọ́n ń dè mọ́ gáàdì ẹ̀rọ, ìyẹn ìbòrí tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ kan ibi tó léwu, là ń sọ o, èyí tó jẹ́ pé tí ilẹ̀kùn gáàdì bá ṣí, iná á já lára mọ́tò, tí ilẹ̀kùn ò bá sì tíì padé, ẹ̀rọ ò ní ṣíná. Interlock ni àwọn tó ṣe é ń pè é. Factories Act ti 1987 ti sọ pé kí wọ́n fi nǹkan bo ẹ̀yà ẹ̀rọ tó léwu, súwíìṣì yìí ló ń rí i pé ìbòrí yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́ nígbà tí ẹ̀rọ ń yí.

Àgádágodo ń ti nǹkan pa, àbí? Èyí ò ti nǹkan kan pa. Ẹnikẹ́ni lè fa gáàdì ṣí nígbà tó bá wù ú, kódà kí abẹ ṣì máa yí. Ẹni tí wọ́n bá ti kọ́ pé àgádágodo ni, á gbà lọ́kàn ẹ̀ pé bí ilẹ̀kùn bá ti gbà fún òun báyìí, ewu ti tán nìyẹn, á na ọwọ́ sínú ẹ̀. Ewu ò tíì tán! Iná ló já, abẹ ò tíì dúró. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ, àgádágodo gidi wà lẹ́nu iṣẹ́ wa, èyí tí ẹni tó fẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe fi ń ti mẹ́ìn súwíìṣì pa tó sì ki kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sápò ara ẹ̀ kó tó wọ inú ẹ̀rọ. Tẹ́ ẹ bá wá fi orúkọ kan náà pe méjèèjì, ọmọ iṣẹ́ á ṣí gáàdì, á ní àgádágodo ti wà lórí ẹ̀, á wọlé lọ máa fọ míṣà búrẹ́dì, ẹlòmíì tí ò rí i á ti ilẹ̀kùn, á tẹ bọ́tìnì.

Àwọn kan tún wà tó ń pè é ní "àárín-títì". Wọ́n gé Gẹ̀ẹ́sì sí méjì, wọ́n túmọ̀ ìdá kọ̀ọ̀kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n ní Yorùbá nìyẹn. Ta ló gbọ́ ọ tó mọ ohun tó ń ṣe? Àwọn wáyámaànù wa ní tiwọn ní límítì súwíìṣì ni, kí n má da ara mi láàmú. Èmi ò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà, súwíìṣì gan-an àyálò ni, àmọ́ límítì súwíìṣì ń sọ fún ẹ̀rọ pé nǹkan ti dé ibi tó ń lọ, orúkọ yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n ra èyíkéyìí tí wọ́n bá rí lọ́jà kí wọ́n sì dè é bó ṣe wù wọ́n. Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ jù nínú àwọn tí mo gbọ́ ni "aṣọ́lẹ̀kùn", mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó dá a, síbẹ̀ mi ò gbà á, torí aṣọ́lẹ̀kùn ń ṣọ́ ilẹ̀kùn kí olè má wọlé, kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú iná tó ń lọ sọ́dọ̀ mọ́tò, iná yẹn gan-an sì ni iṣẹ́ súwíìṣì yìí.

Oníbodè ni mo pè é, mi ò sì ní yí i padà. Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé oníbodè fún wa. Kí ogun Ìmàgbọn ti 1892 tó dé, ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹrù láti etí ọ̀sà gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ sókè, ó di dandan kó bá oníbodè pàdé, tí wọ́n bá sì ti ní ọ̀nà dí, ẹrù dúró síbẹ̀ nìyẹn. Iná ni oníṣòwò yẹn, ọ̀dọ̀ mọ́tò ni ọjà tó ń ná. Oníbodè ò bá mọ́tò jà, kò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mú, ojú ọ̀nà ló dúró sí, gáàdì ló ń wò: gáàdì padé, iná kọjá, gáàdì ṣí, ọ̀nà dí. Ìdí nìyẹn tí waya kékeré tí wọ́n fi ń jọ́mpà súwíìṣì yìí kí iṣẹ́ lè yá fi jẹ́ ọ̀nà ẹ̀bùrú, oníbodè ṣì dúró síbẹ̀ o, àmọ́ ẹrù ti gba ẹ̀yìn ẹ̀ lọ. Ẹnì kan sọ fún mi pé oníbodè máa ń gba owó, pé súwíìṣì ò gba nǹkan kan. Owó kọ́ ló sọ ọ́ di oníbodè, ibi tó dúró sí ni.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe ń dè é. Ti ahọ́n (irin pẹlẹbẹ ara ilẹ̀kùn tó ń wọ inú súwíìṣì), ti mágínẹ́ẹ̀tì, ti RFID (tó ń fi rédíò dá ilẹ̀kùn mọ̀), mi ò ní máa yà wọ́n sọ́tọ̀ níbí, iṣẹ́ kan náà ni. Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ jù ni pé wọ́n á dè é pé tí ilẹ̀kùn bá padé, kó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí ilẹ̀kùn bá ṣí, kí sípíríìnì gbé e padà sókè. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, sípíríìnì lẹ gbé ẹ̀mí èèyàn lé lọ́wọ́ yẹn. Sípíríìnì lè kán, kọ́ńtáàkì, ìyẹn irin inú súwíìṣì tó ń kanra kí iná lè kọjá, lè jó lẹ̀ mọ́ra, lẹ́búlẹ́bú pákó ní sọ́mílì Ìjẹ̀bú-Igbó lè há a mọ́lẹ̀, omi ẹ̀gẹ́ lè gbẹ mọ́ ọn lára ẹ̀rọ gàrí, ẹnikẹ́ni sì lè fi rọ́bà dè é mọ́lẹ̀ kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Bó ṣe yẹ ni pé ilẹ̀kùn fúnra ẹ̀, bó ṣe ń ṣí, ni kó fi agbára ya kọ́ńtáàkì sọ́tọ̀, bó tilẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra. Tẹ́ ẹ bá ń ra súwíìṣì oníkọ́ńtáàkì, ẹ wá àmì ọfà inú òbìrí kékeré lára ẹ̀, àmì yẹn ló ń sọ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́ńtáàkì tó ti wà ní pípadé tẹ́lẹ̀ (NC) ni kẹ́ ẹ lò, kó fi jẹ́ pé tí waya bá já, ẹ̀rọ á kú. Níbi tí ewu bá ti pọ̀, ẹ fi méjì, ọ̀kan ní ìhà kan, èkejì ní òdìkejì, kí kálukú ní waya tiẹ̀ dé ìdí rílè ààbò, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń yẹ súwíìṣì wò kó tó gbà kí iná lọ sọ́dọ̀ mọ́tò.

Tẹ́ ẹ bá ń dè é, ẹ má fi ihò gígùn tó ń jẹ́ kí súwíìṣì yọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n á tú u díẹ̀díẹ̀, ẹ lu ihò míì kẹ́ ẹ fi píìnì tàbí rífẹ́ẹ̀tì dè é pa. Kí ilẹ̀kùn ní ibi tiẹ̀ tó máa gbá mọ́, kó má jẹ́ orí súwíìṣì. Ahọ́n tó bá ṣẹ́kù nínú páálí, ẹ gbé e kúrò nílé iṣẹ́ pátápátá, torí ẹni tó bá rí i á ki í bọ inú súwíìṣì, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, ẹ̀rọ á máa yí.

Ẹ tún wo bó ṣe jìnnà sí abẹ. Ìlànà àgbáyé ISO 13855 ka ìrìn èèyàn lọ síbi ewu sí 1600 mm ní sẹ́kọ́ńdì kan. Tí abẹ bá gba ìdajì sẹ́kọ́ńdì kó tó dúró, 800 mm ni ó kéré tán tí ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí i. Abẹ ìlagi ńlá tó gba sẹ́kọ́ńdì 10 ńkọ́? Mítà 16 nìyẹn, kò sí sọ́mílì tó máa gbé gáàdì jìnnà tó yẹn, irú ibẹ̀ ló nílò èyí tó ń di ilẹ̀kùn mú títí abẹ á fi dúró pátápátá, ìyẹn nìkan sì ni mo lè gbà kí wọ́n fi àgádágodo kún orúkọ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dídán an wò wá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí jù, torí ọ̀pọ̀ á ṣí ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ á kú, wọ́n á ní ó ti dáa. Kò tíì dáa! Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn padà, kí ẹ̀rọ má fúnra ẹ̀ dìde, àfi tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì. Ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ wá tẹ bọ́tìnì, kó má dáhùn. Ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ wo àlàfo tó wà nígbà tí iná já, tí àlàfo yẹn bá ti gba ọwọ́, súwíìṣì ò sí níbi tó yẹ. Igi ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n o, ẹ má fi ọwọ́ yín. Tó bá jẹ́ oníwaya méjì, ẹ pa mẹ́ìn, ẹ tú ọ̀kan, ẹ dá iná padà: rílè gbọ́dọ̀ kọ̀ láti gbà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì, torí ọ̀kan lè ti kú tipẹ́ kí èkejì máa bò ó láṣìírí. Ti NEPA náà wà ńbẹ̀: ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa yí, ẹ pa mẹ́ìn bí ẹni pé wọ́n mú iná lọ, ẹ dá a padà, ẹ tún ṣe é láti ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀, tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀ nínú méjèèjì, ẹ lọ tún ìdí kọ́ńtákítọ̀, súwíìṣì ńlá tó ń gbé iná fún mọ́tò, ṣe kí ẹnikẹ́ni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Fún gáàdì tí a kì í sábà ṣí, ISO 14119 ní kí a ṣí i dán wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù tó bá wà ní ipele PL e (PL ni bí ètò ààbò ṣe ṣe é gbọ́kàn lé tó, e ló ga jù), lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tó bá jẹ́ PL d. Ẹ fi ìwé kan sínú pánẹ́ẹ̀lì, kẹ́ ẹ máa kọ ọjọ́, ẹni tó dán an wò, àti iye sẹ́kọ́ńdì tí abẹ fi dúró. Tí sẹ́kọ́ńdì yẹn bá ti ń gùn sí i, bíréèkì ló ń jẹ, ẹ tún ìṣírò 1600 yẹn ṣe lọ́jọ́ náà.