Awọ Ogbó: Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Wò Kẹ́ Ẹ Tó Ra Kọ́bọ̀ Pupa

Ohun kan wà lójú owó bàbà àtijọ́ tí àwọn tó ń rà á ń fi ọwọ́ ara wọn bó dànù, tí wọ́n sì ń sanwó kún owó lórí èyí tí ẹlòmíràn ti bó. Awọ tó máa ń bo bàbà bó bá ti pẹ́ láyé ni mò ń wí. Awọ ogbó ni èmi ń pè é.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń kọ ọ́ ní pátínà. Wọn á to àmì ohùn sórí rẹ̀, ó di Yorùbá nìyẹn lójú tiwọn. Ta ni pátínà fẹ́ yé? Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò nílò àlàyé, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n á rò pé orúkọ ìpara ni. Síbẹ̀, pátínà ṣì sàn ju ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pè é ní ìpáàrà. Irin ni ìpáàrà ń jẹ: á wú, á là, á máa já bọ́ wẹ́wẹ́ títí irin náà á fi tán. Ẹni tó bá gbọ́ pé ìpáàrà wà lára owó tó rà, kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Á wá nǹkan fi ha á. Ọ̀rọ̀ tí kò bá a mu yìí ti ba owó jẹ́ ju omi òjò lọ.

Àwọn kẹta ní "àwọ̀ àtijọ́". Èyí sún mọ́ ọn, àmọ́ àmì ohùn ló gbé wọn ṣubú. Awọ ni, kì í ṣe àwọ̀. Ojú lásán ló ń rí àwọ̀, ṣùgbọ́n awọ nípọn, ó ṣeé bó, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe lè bó o tí ẹran díẹ̀ ò ní bá a lọ.

Ẹ wo ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n bù sínú abọ́. Bó ti ń tutù, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á bo ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dà á lé e. Ara ẹ̀kọ náà ló di awọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti kàn án. Bẹ́ ẹ bá fi ṣíbí ká a kúrò, òmíràn á yọ, àmọ́ ẹ̀kọ ti dín, ti ẹ̀ẹ̀kejì kì í sì í tẹ́jú bíi ti àkọ́kọ́. Bí ti bàbà ṣe rí nìyẹn. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á so mọ́ bàbà tó wà lójú owó, á di awọ pupa rúsúrúsú. Bó bá pẹ́ sí i, á máa dúdú lọ. Níbi tí ọ̀rinrin bá pọ̀ sí, ó lè di aláwọ̀ ewé. Awọ tó bá dì mọ́ra, tó sì tẹ́jú, ńṣe ló ń bo bàbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ láṣìírí.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lórí ìyàtọ̀ idẹ àti bàbà, kó lọ bá alágbẹ̀dẹ. Bàbà ni màá máa pe gbogbo èyí tí wọ́n fi tíìnì àti síńkì díẹ̀ lú. Èyí tó ṣe pàtàkì ni pé kì í ṣe gbogbo kọ́bọ̀ oníhò, ìyẹn pẹ́nì àtijọ́, ló pupa, kì í sì í ṣe gbogbo kọ́bọ̀ pupa ni bàbà. Kọ́bọ̀ oníhò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ná ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, funfun ni, bàbà pẹ̀lú níkẹ́ẹ̀lì. Ọdún 1952 ni tàwọn pupa tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé kọ́bọ̀ 1936 wá, èyí tó ní orúkọ Edward Kẹjọ, ọba tí wọn ò dé ládé rí, tó sì pupa fòò, ẹ bi í léèrè ohun tó fi kùn ún. Kọ́bọ̀ àti épìnnì (ààbọ̀ pẹ́nì) 1959 tí wọ́n kọ Federation of Nigeria sí, bàbà ni. Kọ́bọ̀ kan ti 1973, tó ní kànga epo lẹ́yìn, bàbà ni, àti ààbọ̀ kọ́bọ̀ ọdún yẹn pẹ̀lú. Ti 1991 ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: irin ni nínú, bàbà fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó. Ẹ mú òòfà dání, irú èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Bó bá gbé owó náà, irin ni. Irú èyí ló máa ń ní ìpáàrà gidi: ìpáàrà á ti inú wú jáde létí rẹ̀, á sì ṣí bàbà orí rẹ̀ kúrò. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lo ọ̀rọ̀ yẹn.

Wàyí o, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ lẹ́kúlẹ́jà l'Ódò-Ògbè n'Ílé-Ifẹ̀ tàbí ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ní Sábó ibẹ̀, kọ́bọ̀ 1959 méjì sì wà níwájú yín. Ọ̀kan rúsúrúsú, èkejì ń tàn yanran. "Kọ́sítọ́mà mi, ẹ mú èyí, mo ti bá yín fọ̀ ọ́ mọ́." Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ló fi fọ̀ ọ́, á sì fi owó iṣẹ́ rẹ̀ kún iye tó ń tà á. Ìlú tí wọ́n ti fi bàbà dá ojú Ọbalùfọ̀n, tí wọ́n sì ti hú àwọn orí bàbà ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, kò yẹ kó jẹ́ ibẹ̀ la ó ti máa fi ọsàn bó bàbà láwọ.

Ẹ di etí owó náà mú, ẹ má fọwọ́ kan ojú rẹ̀, torí òógùn ìka máa ń fi ipa tí kì í lọ sílẹ̀. Ẹ gbé e sábẹ́ iná kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ máa yí i. Bó bá jẹ́ dídán ìgbà tó kọ́kọ́ jáde ló ń dán, ìmọ́lẹ̀ á máa rìn yí ojú rẹ̀ ká bẹ́ ẹ ṣe ń yí i. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ha á ni, ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín lẹ máa rí, gbogbo wọn á kọjú sọ́nà kan náà. Ipa eérú tàbí ti pásìtì ìfọyín nìyẹn. Bó bá jẹ́ ásíìdì ọsàn nìkan ni wọ́n lò, ìlà lè má sí. Ẹ wá wo àárín àwọn lẹ́tà: inú G àti A ti NIGERIA, igun ìràwọ̀, àti etí ihò. Níbi tí ọwọ́ kò dé, dúdú á ṣì há síbẹ̀, ojú ìta á sì pupa bí ẹni pé àná ni wọ́n dà á. Owó tí wọn ò fọ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Dúdú rẹ̀ máa ń pọ̀ nínú igun, á máa fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ síta. Bàbà tí wọ́n bó yìí á tún dúdú tó bá yá, àmọ́ á dúdú lójú kan, á pọ́n lójú kejì.

Ẹ ra èyí tó rúsúrúsú, bí adé àti lẹ́tà orí rẹ̀ bá ṣì yọ dáadáa. Bí adé bá ti parẹ́, awọ rere kò lè gbà á là. Ẹ fi sílẹ̀, kọ́bọ̀ 1959 kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Àwọ̀ ewé ló máa ń ko èèyàn lọ́kàn sókè, bẹ́ẹ̀ oríṣi méjì ni. Ẹ mú igi ìtayín, ẹ fi kàn án pẹ́lẹ́. Bó bá le, tó ń dán díẹ̀, tí kò yọ, awọ ogbó ni, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun tó mọ́lẹ̀, tó ń bọ́ sílẹ̀, tí ojú ibẹ̀ sì jin kòtò, àrùn bàbà nìyẹn. Kíloráìdì tó ti inú iyọ̀, òógùn tàbí ilẹ̀ wọlé ló ń fà á. Bí ọ̀rinrin bá ti dé bá a, á tún máa jẹ bàbà lọ, kódà bí wọ́n bá ti gbọn ìyẹ̀fun náà dànù. Ẹ má rà á, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń tà á. Bí ẹ bá sì ti ní ọ̀kan nílé, ẹ yà á sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí kò ní iyọ̀ rárá, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ọ̀dọ̀ àwọn oníbátìrì lẹ ti máa rí irú omi bẹ́ẹ̀ rà, àmọ́ ẹ béèrè lẹ́ẹ̀mejì: ásíìdì àti omi ni wọ́n jọ ń tà, inú ike kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń rọ àwọn méjèèjì sí.

Èyí tó dára, inú àpò ìwé kékeré ni kẹ́ ẹ fi í sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí tirẹ̀. Ẹ yẹra fún ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn bí ọ̀rá aṣọ òjò tuntun. Epo inú rẹ̀ máa ń yọ́ jáde, á sì fi ohun aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ sójú owó.