Ìtàn ìpínlẹ̀ Louisiana

Louisiana wà ní gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí odò Mississippi ti ń wọ òkun. La Salle, arìnrìn-àjò ọmọ Faransé, gba ilẹ̀ náà fún Louis XIV, ọba Faransé, ní 1682. Bienville, tó ń ṣàkóso ibẹ̀ fún Faransé, tẹ New Orleans dó ní 1718. Amẹ́ríkà ra gbogbo agbègbè náà ní mílíọ̀nù 15 dọ́là ní 1803. Ní oṣù Kìíní 1811, Charles Deslondes ṣáájú àwọn ẹrú oko ìrèké tó dìtẹ̀, wọ́n forí lé New Orleans kí ọwọ́ ológun tó tẹ̀ wọ́n. Ilẹ̀ náà di ìpínlẹ̀ kejìdínlógún ní 1812, ó yapa kúrò lára Amẹ́ríkà ní 1861, ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sì gba New Orleans lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Odò àti ìdènà rẹ̀

Títí di 1927, òkìtì amọ̀ etí odò nìkan ni wọ́n gbójú lé. Bí òkìtì bá ká odò mọ́, omi á máa ga sí i. Nígbà omíyalé ọdún náà, wọ́n fi dáínámáìtì fọ́ òkìtì ní Caernarvon, nísàlẹ̀ New Orleans, kí ìlú má bàa rì. Omi gba St. Bernard àti Plaquemines. Ó jọ pé kò pọn dandan, torí òkìtì ti ń já lókè odò.

Òfin 1928 yí ọgbọ́n náà padà: kí a la ọ̀nà fún omi. Bonnet Carré, ìdènà tí wọ́n ń ṣí fún omi lókè New Orleans, tí wọ́n parí ní 1931, ní ojú 350, igi 20 lójú kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ agbẹ́rù ń fa igi yọ níkọ̀ọ̀kan, omi á sì ṣàn sí adágún Pontchartrain, tó nǹkan bí kúbíìkì mítà 7,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Èyí tó léwu jù ni Old River (1963), ìdènà tó ń pín omi Mississippi sí odò Atchafalaya. Ọ̀nà Atchafalaya sókun kúrú, ó sì dà gẹ̀ẹ́rẹ́ ju ti Mississippi lọ. Bí wọ́n bá fi odò sílẹ̀, ibẹ̀ ni yóò gbà. Ìdá 30 nínú 100 omi Mississippi àti Red River pa pọ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kó gba ibẹ̀. Ní 1973, omi gbẹ́ ihò sábẹ́ ìdènà náà, ògiri kan wó. Òkúta ni wọ́n dà sínú ihò. Wọ́n parí ìdènà ìrànlọ́wọ́ ní 1986.

Katrina

Ní 29 oṣù Kẹjọ 2005, ìjì líle Katrina jà, nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 New Orleans kún fún omi. Ní kánààlì 17th Street, ògiri ìdènà omi wó kí omi tó bò ó: omi tì í sẹ́yìn, àlàfo ṣí láàárín rẹ̀ àti ilẹ̀, amọ̀ rírọ̀ abẹ́ rẹ̀ sì yọ̀. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gbá wọlẹ̀ kò jìn tó. Ní London Avenue, iyanrìn ni omi gbà kọjá lábẹ́ ògiri. Ti Industrial Canal yàtọ̀: omi bò ó, ó sì gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Láti 2018, ilẹ̀kùn irin àti ẹ̀rọ ìfami tó wà títí ló ń ṣọ́ ẹnu kánààlì méjì àkọ́kọ́ àti ti Orleans Avenue.