Ṣé ọkùnrin ni Ọlọ́run àwọn Júù, kí ló sì dé tí wọn kì í pe orúkọ ẹ̀?

Èdè Hébérù ni mò ń kọ́ àwọn èèyàn, àwọn pásítọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé "Tíṣà, ṣé ọkùnrin ni Ọlọ́run àwọn Júù?"

Ẹ wò ó, àwa tá à ń sọ Yorùbá ò mọ wàhálà yìí, "ó" ni tiwa, ó jẹun, ó sùn, bàbá ni o, ìyá ni o. Hébérù ò ní irú ẹ̀. Ilé, akọ ni nínú gírámà wọn, ìlú, abo ni, kò sí èyí tó wà láàárín. Bí akọ ni wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ Ọlọ́run, àmọ́ gírámà nìyẹn, kì í ṣe ara. Diutarónómì 4 ní ẹ ò rí ìrísí kankan lọ́jọ́ tó bá yín sọ̀rọ̀ ní Hórébù, ẹ má gbẹ́ ère akọ, ẹ má gbẹ́ ti abo. Rambam, rábì tó tún jẹ́ dókítà, tó kú ní Íjíbítì ní 1204, tiẹ̀ ka ẹni tó bá ní Ọlọ́run ní ara mọ́ àwọn aládàámọ̀.

Ibi tó dùn jù rèé. Ní Númérì 11:15, nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yẹn sú Mósè pátápátá, "at" ló fi bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, "ìwọ" tí wọ́n ń lò fún obìnrin! Ẹ̀mí tó ń ràbàbà lójú omi ní Jẹ́nẹ́sísì 1:2, ọ̀rọ̀ ìṣe abo ló tẹ̀ lé e. Àìsáyà 66:13 ní bí ìyá ṣe ń tu ọmọ nínú ni. Shekhinah, ìyẹn bí Ọlọ́run ṣe ń gbé láàárín àwọn èèyàn ẹ̀, abo lòun náà. Àmọ́ ẹni tó bá torí èyí sáré pariwo pé obìnrin ni, mi ò bá a lọ o, òun àti ẹni tó ní ọkùnrin ni, ọ̀gbun kan náà ni wọ́n jọ kó sí.

Orúkọ ńkọ́? Lẹ́tà mẹ́rin ni, Yod, He, Vav, He, ó ju ìgbà 6,000 lọ nínú Bíbélì Hébérù, Júù tó ń pa òfin mọ́ ò sì ní pè é. Tó bá ń gbàdúrà, Adonai lá pè é, ìyẹn Olúwa mi, tó bá ń tàkúrọ̀sọ lásán, HaShem ni, ìyẹn Orúkọ Náà. (Ta ló tiẹ̀ ń pe bàbá ẹ̀ lórúkọ láàárín tiwa?) Nígbà tí Tẹ́ńpìlì ṣì wà, Olórí Àlùfáà a máa pè é lọ́jọ́ Yom Kippur, ìyẹn Ọjọ́ Ètùtù, títí di ìgbà táwọn ará Róòmù wó Tẹ́ńpìlì lọ́dún 70. Nígbà tó yá, àwọn Masorete tó ń fi àmì fáwẹ̀lì sí Bíbélì wá fi ti Adonai sára lẹ́tà mẹ́rin yẹn, kí òǹkàwé lè rántí pé Adonai ni kó pè, àwọn tí ò mọ̀ sì ka méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ ni Jèhófà ti wá. OLÚWA tí Bíbélì Yorùbá ń fi lẹ́tà ńlá kọ, ọ̀nà kan náà ló tọ̀.

Tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ pa á rẹ́. Ìwé tó wà nínú ẹ̀ tó bá ti gbó, wọn ò ní jù ú sí ààtàn, yàrá tí wọ́n ń pè ní genizah ló ń lọ, tàbí kí wọ́n sin ín bí òkú. Nọ́ńbà gan-an ò mórí bọ́: lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà, 15 ì bá jẹ́ Yod, ìyẹn 10, àti He, ìyẹn 5, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ Orúkọ yẹn nìyẹn, ni wọ́n bá ń kọ Tet tó jẹ́ 9 àti Vav tó jẹ́ 6. Tẹ́ ẹ bá rí i lórí kàlẹ́ńdà wọn, kì í ṣe pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ò mọ ìṣirò.