Ẹ má fi rédíò bo ariwo ẹsẹ̀ mọ́tò yín mọ́lẹ̀

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí nìkan, mọ́tò mẹ́ta ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà. "Ọ̀gá mẹkáníìkì, ó kàn ń dún kó-kó-kó níwájú ni o, àmọ́ ó ń rìn dáadáa." Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀? "Áà, ó ti ṣe díẹ̀, bóyá lẹ́yìn Iléyá." Ẹni kẹta, bọ̀ọ̀dá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, sọ fún mi tọkàntọkàn pé òun máa ń yí rédíò sókè tóun bá ti dé ibi tí ọ̀nà ò ti dára, kí ariwo yẹn má baà da òun láàmú. Mo jáàkì mọ́tò ẹ̀, mo nawọ́ sábẹ́, mo fi ìka méjì yí nọ́ọ̀tì kan jáde. Ìka méjì o! Nọ́ọ̀tì tó yẹ kí n dùbúlẹ̀ kí n fi gbogbo agbára apá mi tú. Mo gbé e lé e lọ́wọ́, ó wò ó títí, ó ní, "Ṣé èyí náà ṣe pàtàkì ni?"

Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mi ò ní pẹ́ lórí lówà áàmù, irin apá tó gbé táyà dúró lábẹ́ mọ́tò, tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, oríkèé tó so apá yẹn mọ́ ẹsẹ̀ táyà. Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín ni iṣẹ́ tí nọ́ọ̀tì ń ṣe, torí ọ̀pọ̀ yín rò pé tó bá ṣáà ti wà níbẹ̀, ó ti tó. Ẹ wo ìyá tó pọnmọ. Ọ̀já wà lára ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe pé ọ̀já wà níbẹ̀ ló gbé ọmọ ró, pé ó fún ni. Tí ọ̀já bá dẹ̀, ọmọ á máa yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀já ò já. Bí bọ́ọ̀tì, irin tí nọ́ọ̀tì ń yí mọ́, ṣe rí nìyẹn. Tá a bá fún un dé ibi tó yẹ, ó máa ń na díẹ̀, irin ni lóòótọ́ àmọ́ ó ń na bíi rọ́bà, ó sì fẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, fífà tó ń fà yẹn ló fi há irin méjèèjì mọ́ra tí wọn ò fi lè yẹ̀ lórí ara wọn. Ọjọ́ tó bá dẹ̀, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá irin, bọ́ọ̀tì tí wọn ò ṣe fún gbígbá ló wá ń jẹ gbogbo ìyà kòtò. Ihò tó rí roboto á fẹ̀ bí ìrísí ẹyin, tó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀tì tuntun ò lè tún un ṣe mọ́, lówà áàmù fúnra ẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Mo máa ń rí nọ́ọ̀tì tó dẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Nọ́ọ̀tì tó dúró ṣinṣin, ẹrẹ̀ á gbẹ mọ́ ọn lára yíká. Èyí tó ń mì, ẹ̀ẹ́ rí òrùka kan tó ń dán yíká ìdí ẹ̀ bíi pé ẹnì kan ń fi yanrìn fọ ibẹ̀ lójoojúmọ́, eruku pupa bí osùn á sì máa ṣàn wálẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Ọdún 22 rèé tí mo ti ń wo abẹ́ mọ́tò n'Íbàdàn níbí, ọmọṣẹ́ mi kankan ò lè gba fírídọ̀ọ̀mù tí kò bá lè fi ojú lásán mọ òrùka yẹn.

Wàhálà tó tún wà ni nọ́ọ̀tì àjèjì. Tí nọ́ọ̀tì bá ti sọnù, ẹ̀ẹ́ rí àwọn ọmọ etí títì tí wọ́n máa da ike kan kalẹ̀, wọ́n á máa wá èyí tó bá wọlé. Ẹ gbọ́ o, eyín nọ́ọ̀tì ò dọ́gba. Nọ́ọ̀tì táyà Toyota, 12 lọ́nà 1.5 ni: bọ́ọ̀tì ẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 12, eyín kan sí èkejì jẹ́ mìlímítà 1.5. Ti Nissan, 12 lọ́nà 1.25 ni. Sípánà 21 kan náà ló ń tú méjèèjì, tẹ́ ẹ bá kó wọn papọ̀ lórí tábìlì ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀ wọn. Tẹ́ ẹ bá gbé ti Nissan sórí ti Toyota, á yí bí ẹ̀ẹ̀kan sí méjì, á wá há. Ẹni tó mọṣẹ́ á dúró níbẹ̀. Ẹni tí ò mọṣẹ́ á fi páìpù gùn ún lẹ́sẹ̀ títí tí eyín méjèèjì á fi jẹ ara wọn run, á wá sọ fún yín pé "ó ti mú, ọ̀gá, ẹ máa lọ." Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ọ̀tì. Ẹ wo orí ẹ̀. Bọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ 8.8 tàbí 10.9 sí lórí, agbára ẹ̀ nìyẹn, 10.9 le ju 8.8 lọ. Ilé iṣẹ́ mìíràn ní àmì tiẹ̀. Àmọ́ èyí tí kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀ rárá, tí wọ́n ń rà lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ gééètì, tí wọ́n wá fi sábẹ́ mọ́tò tó gbé ọmọ mẹ́rin lọ sí sùkúù! Inú máa ń bí mi.

Kọ́tà pín, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́nu, ńkọ́? Èyí gan-an ló ń pa mí lẹ́kún. Nọ́ọ̀tì tó ní eyín bíi adé, tó wà lórí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti táì rọ́ọ̀dù, irin tó ń darí táyà tẹ́ ẹ bá yí sítíárìn, kọ́tà pín ló gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀ kọjá kó má baà yí jáde fúnra ẹ̀. Owó ẹ̀ ò tó owó pọ̀ọ̀wọ̀tà. Síbẹ̀ mo ti bá ìṣó níbẹ̀, mo ti bá wáyà iná, mo ti bá okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń di àpò ìrẹsì. Kọ́tà pín tẹ́ ẹ bá ti yọ, ẹ má dá a padà, tuntun ni kẹ́ ẹ fi sí i, torí pé irin tẹ́ ẹ ti tẹ̀ tẹ́ ẹ tún tọ́, tó tún máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti fẹ́ kán. Tẹ́ ẹ bá fún nọ́ọ̀tì dé ibi tó yẹ, tí ihò ò bá adé mu, ẹ fún un síwájú díẹ̀ sí i títí á fi bá a mu, ẹ má dá a sẹ́yìn láé. Mo ti sọ ọ́ fún ọmọṣẹ́ tó ju ogún lọ, ẹ má dá a sẹ́yìn. Nọ́ọ̀tì tó ní ọ̀rá nínú náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń lò ó, tẹ́ ẹ bá tú u, ọ̀rá yẹn ti lọ, kò ní mú bọ́ọ̀tì mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti màmá olùkọ́ kan. Gbọ̀ngán ló ń gbé, ó máa ń wa Corolla 2005 wá s'Íbàdàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mọ́tò náà máa ń dún gbà! tó bá ti tẹ bíréèkì. Ọmọ kan létí títì ní línkéèjì ni, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí mọ́tò fì jù, ó pààrọ̀ ẹ̀, ó tún dún, ó tún pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́jọ́ kan ó tú bọ́ọ̀lù jọ́ìntì wò, ó dá a padà. Ariwo ò lọ. Ẹbí màmá wá ní ayé ló ń ṣe é. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì kan, ìyẹn fi òróró pa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ kan ní Ògún ló ń béèrè ajá. Àgbẹ̀dẹ ni bàbá mi, àgbẹ̀dẹ ni bàbá bàbá mi, ẹnikẹ́ni ò lè kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ Ògún. Ògún ló ni irin, ẹni tó bá sì ń fi irin ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un kó le, iṣẹ́ yẹn la jẹ Ògún. Ẹ̀jẹ̀ ajá ò lè fún nọ́ọ̀tì.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, ọlọ́pàá dá màmá dúró díẹ̀ kó tó dé bíríìjì Aṣẹ́jìrẹ́. Wọ́n ní kó máa lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọra kúrò ni, kò tíì sáré ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ, táyà ọ̀tún iwájú ṣẹ́ kúrò lábẹ́ ẹ̀, fẹ́ńdà jókòó sórí ọ̀dà, ṣáàfù, irin tó ń gbé agbára gíà wá sí táyà, yọ jáde, ọ́ìlì gíà sì ń dà sójú títì. Èmi ni wọ́n pè. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì Corolla yẹn, bọ́ọ̀tì 1 àti nọ́ọ̀tì 2 ló dè é mọ́ lówà áàmù. Nọ́ọ̀tì kan ò sí níbẹ̀ rárá, ọmọ yẹn ò dá a padà. Èkejì ti yí jáde. Bọ́ọ̀tì tó kù nìkan ló ti ń dá gbogbo ẹ̀ gbé, òun náà ló wá já, mo rí ojú ibi tó ti já, apá kan ti dúdú tipẹ́, apá kan ṣì ń tàn bíi fàdákà. Ó ti ń já díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo gbójú sókè, mo ń wo omi lábẹ́ bíríìjì. Ká ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú ni, ká ní ó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, mi ò fẹ́ sọ ọ́.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ariwo yẹn, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì foonù wo ẹ̀yìn táyà. Tó bá jẹ́ línkéèjì ló já, ẹ so ó kó má baà máa gbá nǹkan, ẹ rọra wà á délé, ariwo lásán ni, kò ní yọ táyà. Orí ṣọ́ọ̀kì tó dẹ̀ náà, ẹ lè rọra dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Àmọ́ tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, táì rọ́ọ̀dù tàbí nọ́ọ̀tì táyà, ẹ má sún ún, ì báà jẹ́ mítà kan, ẹ pe ọkọ̀ tó ń wọ́ mọ́tò. Tí wọ́n bá ń fún nọ́ọ̀tì ojú bọ́ṣìn, rọ́bà tó wà lẹ́nu lówà áàmù, ẹ rí i pé mọ́tò ti wà nílẹ̀ lórí táyà ẹ̀, tí wọ́n bá fún un lórí jáàkì, bọ́ṣìn á lọ́, á ya láìpẹ́ ọjọ́. Nọ́ọ̀tì táyà Corolla, 103 Nm (ìwọ̀n agbára tá a fi ń yí nọ́ọ̀tì) ni Toyota ní ká fún un dé, mo ní sípánà tó ń wọ̀n ọ́n, ẹ béèrè bóyá mẹkáníìkì tiyín ní i. Tẹ́ ẹ bá ti yọ táyà, ẹ tún un fún lẹ́yìn bíi 80 sí 100 kìlómítà.

Tí mo bá fún nọ́ọ̀tì tán, mo máa ń fi kútẹ́ẹ̀sì pupa ìyàwó mi fa ìlà kan, láti orí nọ́ọ̀tì dé orí irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Tí nọ́ọ̀tì bá yí, bó ti wù kó kéré tó, ìlà á pín sí méjì. Màmá Gbọ̀ngán ṣì ń wá lóṣooṣù. Á gbé báàgì sílẹ̀, á kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tiẹ̀, á wo ìlà pupa yẹn fúnra ẹ̀ kó tó kí mi.